Ẹ̀wù Tí À Ń Dè Lẹ́yìn

Ọjọ́ kẹrin, oṣù kejì

Ìyá mi kékeré,

Ṣé dáadáa lo wà? Mo bi ọ́ léèrè kí n tó kí ọ, má bínú. Láti ìgbà tí mo ti gbọ́ ìròyìn lórí rédíò ni ìkíni ti sá lẹ́nu mi. Wọ́n ní bọ́ǹbù bú ní ibùdókọ̀ rélùwéè kan ní ìlú tí o wà. Wọn ò sọ ibùdókọ̀ tó jẹ́. Wọ́n kàn sọ ọ́ fìrí, wọ́n sì fi orin sí i. Ibùdókọ̀ rélùwéè mélòó ló wà níbẹ̀? Ṣé ibi tí o ti ń yẹ ẹrù èrò wò ni? Mo pè ọ́, fóònù ò lọ. O mọ̀ pé ìjọba ti pa nẹ́tíwọ̀kì ní agbègbè wa, wọ́n ní kí àwọn agbésùnmọ̀mí inú igbó má baà rí i fi bá ara wọn sọ̀rọ̀. Àwa tí a ò gbé ìbọn náà ò wá lè bá ọmọ wa sọ̀rọ̀. Ìdí nìyí tí mo fi kọ lẹ́tà bíi ti ayé àtijọ́, tí mo sì fún Awakọ̀, ọ̀rẹ́ mi tó ń wa bọ́ọ̀sì lọ sí olú ìlú, pé kó bá mi fi ránṣẹ́ láti ibẹ̀.

Jọ̀wọ́, máa bọ̀ nílé. Mo mọ̀ pé o máa ní kí lo fẹ́ wá ṣe. Aṣọ rírán ò ní pa ọ́. Àwọn àjèjì tó kórìíra ìlú onílùú tí o wà yẹn pọ̀, wọ́n ń ti òkè òkun wá bá wọn jà, ìwọ tí ọ̀rọ̀ ò kàn ni yóò fara gbá a. Níhìn-ín, wàhálà wà lóòótọ́, àmọ́ ẹ̀bá ààlà lọ́hùn-ún ló wà. Ní àdúgbò wa, àlejò nìkan là ń ṣọ́. Àwọn ọ̀dọ́ ti dá ẹgbẹ́ ẹ̀ṣọ́ sílẹ̀, wọ́n ń dá ẹni tí wọn ò bá mọ̀ dúró ní ìkòríta. Jẹ́jẹ́, àbúrò rẹ, wà lára wọn.

Ó kí ọ. Láti ìgbà tí àwọn sójà ti dá a sílẹ̀ ní àtìmọ́lé, ara rẹ̀ ń bọ̀ sípò díẹ̀díẹ̀. O rántí pé wọ́n kàn kó o mọ́ àwọn mìíràn ni, wọn ò rí ẹ̀ṣẹ̀ kankan lọ́wọ́ rẹ̀, síbẹ̀ ó pẹ́ níbẹ̀ kọjá bó ṣe yẹ. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n ó ti gbé iṣẹ́ gidi wá fún mi: ẹ̀wù aláìlápá mẹ́ta fún àwọn ẹ̀ṣọ́, aṣọ líle bíi ti àgọ́. Aṣọ náà ń ṣẹ́ abẹ́rẹ́ máṣíìnì mi bí igi ìṣáná. Èyí tí wọ́n ń tà níbí ò dáa. Tí o bá wà láàyè, bá mi ra abẹ́rẹ́ tó lágbára. Dákun, wà láàyè.

Bàbá rẹ


Ọjọ́ kọkànlélógún, oṣù kejì

Bàbá mi,

Mo wà láàyè. Mo kọ ìyẹn sókè kí ẹ má baà máa wá a kiri nínú lẹ́tà. Ẹ kú àìsùn, ẹ kú ìdààmú ọkàn. Ibùdókọ̀ wa gan-an ló ti ṣẹlẹ̀, àmọ́ ọjọ́ ìsinmi mi ni. Obìnrin tí a jọ ń jókòó nídìí ẹ̀rọ tó ń wo inú ẹrù, ẹni tó máa ń bu kọfí fún mi nínú fúláàsì rẹ̀, òun ló wà níbẹ̀. Ó ṣì wà ní ọsibítù. Wọ́n ní ó máa yè, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ méjèèjì ti di.

Gbogbo ènìyàn ló ń sọ pé àwọn àjèjì ni. Nígbà tí mo padà sẹ́nu iṣẹ́, wọ́n ní kí àwa tí a kì í ṣe ọmọ ìlú lọ jókòó sínú yàrá ẹrù ná, kí wọ́n fi tún ìwé wa wò. Tí mo bá wọ ọkọ̀, ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi á ṣàdédé rántí pé òun fẹ́ dìde. Ọ̀gá wa pè mí, ó bi mí bóyá mo ní arákùnrin, bóyá wọ́n ti mú un rí. Mo ní mi ò ní. Bàbá, níhìn-ín, ọmọ àbúrò bàbá ẹni ní orúkọ tirẹ̀ lọ́tọ̀, wọn kì í pè é ní àbúrò ẹni. Nítorí náà, irọ́ kọ́ ni mo pa, lójú òfin wọn. Ẹ má jẹ́ kí Jẹ́jẹ́ gbọ́.

Ẹ ní kí n máa bọ̀ nílé. Tí mo bá lọ báyìí, wọ́n á ní mo sá ni. Ẹ jẹ́ kí ó rọlẹ̀ ná.

Nọ́ọ̀sì kan tó ń bọ̀ nílé ni mo fi abẹ́rẹ́ rán sí yín. Ó lágbára, wọ́n ní ó lè gún awọ. Àwáwí yín tán nìyẹn. Mo mọ̀ yín, Bàbá. Ìyàwó tí ẹ bá ń rán aṣọ ìgbéyàwó fún, ọmọ rẹ̀ ni yóò wọ̀ ọ́. Ẹ dákun, ẹ má fi "wá lọ́la, wá lọ́túnla" pa Jẹ́jẹ́ lára. Ọmọ náà ti jìyà. Ẹ parí iṣẹ́ rẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ dá fún un, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ní ayé yín.

Ọmọ yín


Ọjọ́ kẹtàlá, oṣù kẹta

Ìyá mi kékeré,

Ẹ̀mí rẹ á gùn. Nígbà tí Awakọ̀ gbé lẹ́tà rẹ dé, mo jó nínú ṣọ́ọ̀bù títí ìyàwó bíríkìlà, aládùúgbò wa, fi wá yọjú wò mí, tó ní ṣé eèrà ló wọ ṣòkòtò mi. Mo bá ọ kẹ́dùn nítorí obìnrin oníkọfí yẹn. Kí Ọlọ́run la etí rẹ̀ padà.

Èyí tí o sọ pé o ò ní arákùnrin, mo ti kà á, mo ti gbé e mì. Kò dùn mọ́ mi. Orí ẹní kan ṣoṣo ni ẹ jọ sùn dàgbà. Nígbà tí àbúrò mi kú tí mo gbé ọmọ náà wọlé, ìwọ lo ń bá a bu omi ìwẹ̀. Mo mọ̀ pé ẹ̀rù ló bà ọ́. Àmọ́ tí ẹ̀rù bá bà ọ́, sọ pé ẹ̀rù bà mí, má fi òfin onílùú ra ara rẹ padà.

Abẹ́rẹ́ náà dé, abẹ́rẹ́ gidi ni. Mo sì gbọ́ ìmọ̀ràn rẹ: mo parí ẹ̀wù kan lọ́jọ́ tí mo dá gan-an, ẹnu ya gbogbo àdúgbò. Ṣùgbọ́n kí n sọ fún ọ, ẹ̀wù náà rúni lójú. Àpò yí i ká lẹ́yìn àti níwájú, wọ́n jìn, wọ́n sì rí pẹlẹbẹ. Iwájú ò ní bọ́tìnnì kankan, ẹ̀yìn ni Jẹ́jẹ́ ní kí n fi bọ́tìnnì alátẹ̀ sí. Mo rò ó pé ọmọ yìí ò mọ̀ nípa aṣọ. Mo wá tún un ṣe bó ṣe yẹ kí aṣọ rí, mo la iwájú, mo fi síìbù sí i, kí ẹni tó bá wọ̀ ọ́ lè tètè bọ́ ọ tí ooru bá mú. Inú mi dùn sí ara mi.

Jẹ́jẹ́ dé, ó rí i, ojú rẹ̀ yí padà. Mi ò rí i bẹ́ẹ̀ rí. Ó ní, "Bàbá, ohun tí mo ní kí ẹ ṣe kọ́ nìyí." Mo ní, "Tó bá jẹ́ ẹ̀yìn ni mo fi bọ́tìnnì sí, ta ló máa bá onítọ̀hún bọ́ ọ?" Ó ní, "Kò ní bọ́ ọ." Ó wá rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó ní kí n má bínú, pé bí ọ̀gá àwọn ẹ̀ṣọ́ ṣe fẹ́ ẹ ni. Mo tú u, mo tún un rán. Oníbàárà ló ni aṣọ, télọ̀ ló ni òwú. Ó ku méjì.

Ó ní kí n má sọ̀rọ̀ ẹ̀wù náà fún ẹnikẹ́ni, kí àwọn ará ìta má baà rán irú rẹ̀. Àwọn tó ń ti ààlà wọlé yẹn ò ṣe é fọwọ́ yẹpẹrẹ mú. Ìwọ kì í ṣe ẹnikẹ́ni, ìdí nìyí tí mo fi sọ ọ́.

Bàbá rẹ


Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n, oṣù kẹta

Bàbá mi,

Ẹ má bínú pé mi ò kí yín dáadáa. Ẹ jókòó kí ẹ tó ka èyí. Tí Jẹ́jẹ́ bá wà nítòsí, ẹ ká a sápò, kí ẹ kà á nígbà tó bá lọ.

Wọ́n ti mọ ẹni tó ṣe ọṣẹ́ ní ibùdókọ̀ wa. Kì í ṣe àjèjì. Ọkùnrin tó ń tún iná ṣe fún wa ni. Ìlú yìí ni wọ́n bí i sí, ìyá rẹ̀ ń gbé ní òpópónà tó kángun sí ibùdókọ̀. Ní àràárọ̀ ló ń gba ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ wa kọjá pẹ̀lú àpótí irinṣẹ́ rẹ̀, àwa náà á sì juwọ́ sí i. Mi ò yẹ àpótí yẹn wò rí. Àwọn ìyá arúgbó tó ti òkè òkun wá ni mo máa ń ní kí wọ́n tú ẹrù wọn palẹ̀.

Torí ẹ̀ ni wọ́n ṣe kó gbogbo wa jọ fún ẹ̀kọ́, títí kan àwa tí a wà nínú yàrá ẹrù. Ọ̀gá wa ya ilé kan sára pátákó. Ó ní oríṣi méjì ni àwọn tó ń dẹ́rù ba ìlú: àwọn tó dúró síta tí wọ́n ń wá ọ̀nà wọlé, àti àwọn tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ wọn. Ẹnì kan bi í pé èwo ló léwu jù fún orílẹ̀-èdè. Ó ní ti òde máa ń jẹ́ kí àwọn ará ilé di ara wọn mú. Ti ilé ló ń mú kí wọ́n máa ṣọ́ ara wọn títí wọn ò fi ní lè jẹun pọ̀ mọ́. Àmọ́ ó ní kí a má tan ara wa, pé ti òde kì í sábà rí ọ̀nà wọlé àfi tí ti ilé bá ṣí i fún un. Ó ń sọ ọ́ bí ẹni pé òun ló kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n. Mo ní lọ́kàn mi pé ẹ̀yin ìbá ti sọ ọ̀rọ̀ ògiri àti aláǹgbá fún un, kó lọ jókòó.

Lẹ́yìn náà ó fi àwòrán hàn wá. Ẹ̀wù aláìlápá ni, Bàbá. Aṣọ líle, àpò tí wọ́n ń kó bọ́ǹbù sí yí i ká. Ẹ̀yìn ni wọ́n ti ń dè é, kí ẹni tí wọ́n bá gbé e wọ̀ má baà lè bọ́ ọ tí ọkàn rẹ̀ bá yí padà lọ́nà. Mo jáde, mo wá jókòó kọ lẹ́tà yìí sí yín.

Abẹ́rẹ́ tí mo rà ni ẹ fi rán an. Èmi ni mo ní kí ẹ yára. Ẹ dákun, ẹ má yára mọ́. Ẹ pẹ́ bí télọ̀ ti ń pẹ́. Ẹ ní máṣíìnì bàjẹ́, ẹ ní bọ́tìnnì tán lọ́jà, ẹ ní ojú ń dùn yín, ẹ ní kó wá lọ́la. Kí ẹ sì lọ bá ọ̀gá àwọn sójà. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

Ọmọ yín


Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù kẹrin

Ọmọ mi,

Mo gba lẹ́tà rẹ. Mo kà á, mo ṣáná sí i. Ṣé àìsùn ló ń ṣe ọ́ ni? O ò fojú kan àbúrò rẹ láti ọjọ́ yìí wá, o jókòó sí ìlú òyìnbó, o fi àwòrán ara pátákó sọ ọ́ di apànìyàn. Ìwọ fúnra rẹ lo kọ ọ́ pé wọ́n ń fura sí ọ nítorí pé o jẹ́ àlejò, ó dùn ọ́. Báyìí, o wá ń fura sí ọmọ ilé nítorí ẹ̀yìn aṣọ.

O ní kí n lọ bá sójà. Sójà wo? Àwọn tó kó Jẹ́jẹ́ láìṣẹ̀ láìrò? Nígbà tí ó dé, mo fún un ní abẹ́rẹ́ pé kó bá mi fi òwú sí i, kò lè dì í mú. Èékánná ò sí ní ìka rẹ̀ méjì. Kò sọ ohun tí wọ́n ṣe fún un, èmi náà ò sì bi í. Ẹ fẹ́ràn láti máa ṣírò ti òde àti ti ilé lọ́dọ̀ yín. Níbo lẹ ń ka àwọn tó wọṣọ ìjọba sí? Ọmọ ẹni kò ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sí ìdí ọmọ ẹlòmíràn. Mi ò ní mú ọmọ àbúrò mi lọ fún wọn lẹ́ẹ̀kejì.

Má kọ irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ sí mi mọ́. Tó bá bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn, o ti pa á nìyẹn.

Mo ti sọ fún Jẹ́jẹ́ pé máṣíìnì bàjẹ́. Má rò pé tìtorí rẹ ni. Ó bàjẹ́ lóòótọ́, díẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, mo ní bọ́tìnnì tán. Ó lọ, ó rà á wá. Mo ní ojú ń dùn mí. Láti ìgbà náà ló ti ń wá jókòó sí ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù láàárọ̀, á kàn máa wo ọwọ́ mi. Ó ní wọ́n fẹ́ lo àwọn ẹ̀wù náà ní ìparí oṣù tó ń bọ̀, lọ́jọ́ ọjà ńlá, torí pé èrò máa ń pọ̀ ní ibùdókọ̀, àwọn ẹ̀ṣọ́ sì gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó mọ́gbọ́n dání ni. Mi ò mọ ìdí tí mi ò fi lè jẹun lẹ́yìn tó sọ ọ́.

Bàbá rẹ


Ọjọ́ kẹta, oṣù karùn-ún

Bàbá mi,

Ẹ kú ìbínú, ẹ kú ìrora. Ẹ bá mi wí, mo gbà. Tí ẹ bá rò pé ayọ̀ ni mo fi kọ ọ́, ẹ ṣì mí gbọ́. Mo fẹ́ràn Jẹ́jẹ́. Mi ò mọ̀ nípa èékánná, ẹ ò sọ fún mi. Mo sunkún lórí ẹ̀ nínú yàrá ẹrù títí wọ́n fi wá bi mí pé ta ló kú.

Wọ́n ṣẹ̀ ẹ́, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ta ló máa wà ní ibùdókọ̀ lọ́jọ́ ọjà? Sójà tó ṣẹ̀ ẹ́ kọ́. Awakọ̀ ni. Ìyàwó bíríkìlà ni, ó máa lọ ra nǹkan.

Mo lọ wo obìnrin oníkọfí ní ọsibítù. Ó ń pariwo sọ̀rọ̀ bí ẹni ń pe ẹni tó wà lódìkejì odò, torí kò gbọ́ ohùn ara rẹ̀. Mo bá ìyá arúgbó kan níta yàrá rẹ̀, ó jókòó sí àga ẹnu ọ̀nà, kò sẹ́ni tó ní kó wọlé, òun náà ò sì dìde. Ìyá ọkùnrin oníná yẹn ni. Ojoojúmọ́ ló ń wá. Kò sẹ́ni tó ń bá a sọ̀rọ̀, èmi ni mo bá a sọ̀rọ̀, àlejò ni mí, kò sóhun tí mo fẹ́ pàdánù. Ó ní òun ti rí i tipẹ́ pé nǹkan ń ṣe ọmọ òun. Ó ní òun ń dúró kí ó kọjá lára rẹ̀ ni, torí ọmọ dáadáa ni.

Bàbá, àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Tí mi ò bá gbọ́ láti ọ̀dọ̀ yín kí ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n oṣù yìí tó pé, màá sọ ohun gbogbo fún ọ̀gá wa. Wọ́n á fi ránṣẹ́ sí ìjọba wa, àwọn sójà á sì já wọ ilé láìkànlẹ̀kùn, ẹ̀yin náà mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Tó bá jẹ́ ẹ̀yin lẹ lọ, ẹ lè bẹ̀ wọ́n. Ẹ lè mú un wá láàyè. Èmi ò lè ṣe ìyẹn láti ibí. Ẹ gbà mí, kí n má baà jẹ́ ẹni tó pa á.

Ọmọ yín


Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù karùn-ún

Ìyá mi kékeré,

Má sọ fún ọ̀gá rẹ mọ́. Ó ti tán. Ó wà láàyè.

Ìyàwó Awakọ̀ gbé lẹ́tà rẹ wá fún mi ní ṣọ́ọ̀bù. Mo kà á dé ibi ìyá arúgbó orí àga, mo sì ti ilẹ̀kùn. Ẹ̀wù kan tí mo ti rán tán wà lábẹ́ tábìlì. Mo gbé e wọ̀. Mi ò mọ ohun tó wọ̀ mí lórí, bóyá mo fẹ́ rí i fúnra mi kí n lè sọ fún ọ pé ẹ̀wù lásán ni. Mo fẹ̀yìn ti ògiri, bọ́tìnnì alátẹ̀ náà sì wọ inú ara wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí mo fẹ́ bọ́ ọ, ọwọ́ mi ò dé ẹ̀yìn. Mo yí síhìn-ín, mo yí sọ́hùn-ún, bí ajá tó ń lé ìrù ara rẹ̀. Òógùn bò mí. Mo ké pe ìyàwó bíríkìlà láti ojú fèrèsé. Ó wọlé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Bàbá, ẹni tó bá rà á lọ́wọ́ yín, ṣé ẹ̀ẹ́ máa tẹ̀ lé e délé láti bá a bọ́ ọ ni?" Ọ̀rọ̀ burúkú tòun tẹ̀rín. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo sunkún níwájú ìyàwó oníyàwó, kò sì mọ ohun tí òun ṣe fún mi.

Lọ́jọ́ kejì, mo lọ sí ibùdó àwọn sójà. Mo sọ fún ọ̀gá wọn pé mo ní ọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n kó kọ́kọ́ ṣèlérí pé wọn ò ní yìnbọn. Ó ní òun kì í ṣe irú ìlérí bẹ́ẹ̀. Mo ní ó dáa, mo dìde, mo kọjú sí ilẹ̀kùn. Ó ní kí n padà wá jókòó.

A ránṣẹ́ sí Jẹ́jẹ́ pé kó wá wọ ẹ̀wù náà wò lára. Mi ò bi í rí pé ta ni yóò wọ̀ ọ́, òun fúnra rẹ̀ ló wá wọ̀ ọ́. Mo ní kó nàpá sókè. Ó nà á bó ṣe máa ń nà á láti kékeré tí mo bá fẹ́ wọ̀n ọ́n, ó tún di ojú. Abẹ́rẹ́ wà lẹ́nu mi bí ó ti máa ń wà. Mo fẹ́ sọ fún un pé kó sá. Mo ń sọ òtítọ́ fún ọ, mo fẹ́ sọ ọ́, ẹnu mi kún. Àwọn sójà gba ẹ̀yìnkùlé wọlé, wọ́n mú un bí ọwọ́ rẹ̀ ṣe wà lókè. Wọn ò yìnbọn. Ó yí ojú sí mi. Mo rò pé á bú mi. Ó ní, "Bàbá, ẹ kú iṣẹ́."

Wọ́n bá ohun tí wọ́n ń wá nínú yàrá kan tó háyà. Wọ́n mú méjì nínú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ọmọ àdúgbò ni àwọn náà, ìkòríta yìí ni wọ́n jọ ń ṣọ́. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń rán wọn níṣẹ́ ò sí níbí. Òkè òkun ni wọ́n wà, Jẹ́jẹ́ ò fojú kàn wọ́n rí. Láti àtìmọ́lé ni ẹnì kan ti bẹ̀rẹ̀ sí í kó ọ̀rọ̀ wọn sí i létí. Ọ̀gá sójà ní òun ò mọ ibi tí òun máa kọ ọ́ sí nínú ìwé, ti òde ni àbí ti ilé, torí ti òde ló rán iṣẹ́ náà, ti ilé ló sì jẹ́ ẹ. Mo ronú nípa gbogbo àwọn àlejò tí a ti dá dúró tí a bú, oníṣòwò, aláìsàn, aboyún. Bí ikú ilé ò bá pani, tòde ò lè pani. Mo máa ń pa òwe yìí fún yín ní kékeré, mo rò pé ọ̀rọ̀ àwọn ẹlòmíràn ni.

Wọ́n ní mo ṣe dáadáa. Wọ́n fẹ́ dárúkọ mi lórí rédíò, mo ní kí wọ́n má dán an wò. Ní àdúgbò, àwọn kan ń kí mi, àwọn kan ń yà fún mi lójú ọ̀nà. Awakọ̀ nìkan ló wá jókòó tì mí.

Lónìí, mo gbé oúnjẹ lọ fún Jẹ́jẹ́. Ọmọ ogun tó wà lẹ́nu géètì bi mí pé kí ni mo jẹ́ sí i. Ọ̀gá wọn wà nítòsí, ó fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní, "Bàbá, ẹlẹ́rìí wa ni yín, ẹ jẹ́ kó mọ bẹ́ẹ̀. Gbogbo mọ̀lẹ́bí ẹ̀ la ó máa ṣọ́ láti ìsinsìnyí lọ." Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo padà sẹ́nu géètì, mo ní kí ọmọ ogun náà kọ ọ́ sílẹ̀ pé bàbá Jẹ́jẹ́ ni mí. Ẹni tó bímọ ọ̀ràn ní í pọ̀n ọ́n. Wọ́n gba oúnjẹ náà.

Wọ́n wá bi mí bóyá ó ní ẹ̀gbọ́n. Mo ní kí wọ́n dúró ná. Mo mọ ohun tí o sọ fún ọ̀gá rẹ, mo sì mọ ohun tó lè ná ọ. Mi ò ní bá ọ jà. Tí o bá ní kí n sọ pé rárá, màá sọ pé rárá. Kọ̀wé sí mi, kí n mọ èyí tí màá sọ.

Bàbá yín


Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹfà

Bàbá mi,

Ẹ kú ìfaradà. Mo ti ń bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà yìí, mo ń fà á ya.

Láàárọ̀ òní, mo lọ bá ọ̀gá wa nínú ọ́fíìsì rẹ̀. Mo ní mo wá yí ohun tí mo sọ níjọ́ kìíní padà, pé mo ní arákùnrin kan, ó wà ní àtìmọ́lé, mo sì sọ ìdí rẹ̀. Ó bi mí bóyá ọmọ bàbá mi ni lóòótọ́. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Kò jágbe mọ́ mi. Ó gba káàdì ọrùn mi, ó fi í sínú dúróọ̀, ó ní kí n máa lọ sílé, pé àwọn á pè mí. Mi ò rò pé wọ́n á pè. Aṣọ iṣẹ́ ṣì wà lọ́rùn mi bí mo ṣe ń kọ èyí.

Ẹ̀rù ń bà mí, Bàbá. Mi ò mọ̀ bóyá wọ́n á jẹ́ kí n dúró sí ìlú yìí, mi ò sì mọ̀ bóyá ilé á ṣeé padà sí. Ẹ sọ fún wọn pé ó ní ẹ̀gbọ́n, kí ẹ sì fún wọn ní àdírẹ́sì mi.

Tí ẹ bá tún ń gbé oúnjẹ lọ, ẹ sọ fún un pé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní kí ẹ kí i.

Ọmọ yín